Ọ̀rọ̀ Lórí Títún Ilé Àwọn Baba Wa Ṣe



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní Ìta Tinúbú, ní Èkó, ilé kan wà rí tí à ń pè ní Ilojo Bar. Ọdún 1855 ni a kọ́ ọ, ní irú ọnà ìkọ́lé tí àwọn Àgùdà, ọmọ wa tí ó ti oko ẹrú bọ̀, mú wá sílé. Ní ọdún 1956 ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, a wó o palẹ̀. Ìwé ìkéde nìkan kò lè gbé ilé ró. Ẹni tí ó ń gbé inú ilé, tí ilé sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ni í gbé e ró.

Àwọn kan yóò wí pé, “Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i.” Òtítọ́ ni; ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ọba ni ó ti iná bọ̀ ọ́. Bí ilé bá ṣòro gbé fún ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe, kí a má wó o.

Èkíní, òrùlé ni kí a kọ́ tọ́jú. Bí òjò bá ń wọlé, owó tí a ná sí ìsàlẹ̀ ti ṣòfò. Kí a yẹ igi àjà wò nítorí ikán.

Èkejì ni ògiri. Ògiri amọ̀ a máa fa omi, a sì máa tú u jáde. Bí a bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, omi há sí inú, amọ̀ á rọ̀, ohun tí a fi rẹ́ ẹ á sì ya lulẹ̀ pẹ̀lú ara ògiri. Amọ̀ tàbí ẹfun òkúta tí a sun ni ó bá a mu.

Ẹ̀kẹta, kí a kọ́ ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tuntun sí ẹ̀yìnkùlé, kí omi wọn má baà ba ògiri àtijọ́ jẹ́. Kí wáyà iná gba inú páìpù lórí ògiri, láìgbẹ́ ògiri. Kí a tún fèrèsé onígi ṣe, kí a má dí i; òun ni í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.

Ẹ̀kẹrin ni ó le jù: ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Nínú àṣà wa, olórí ẹbí kò gbọdọ̀ dá ilé ẹbí tà láìsí ìfohùnṣọ̀kan àwọn àgbà ìdí-igi. Nítorí náà, kí wọ́n tó ra pákó kan, kí ẹbí péjọ, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: ta ni yóò san kí ni, ta ni yóò gbé yàrá wo. Ilé tí kò ní ìwé báyìí, ìjà ni í wó o kí òjò tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìjòyè, ọ̀pọ̀ irú ilé wọ̀nyí wà ní àdúgbò yín. Ẹ bẹ̀ wọ́n wò kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Bí a bá tún ọ̀kan ṣe tí ọmọ lè gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú ìtura, aládùúgbò yóò wá wò ó, yóò sì padà sí ilé tirẹ̀.