Òfin tí ó De Aṣòfin

Àwọn àgbà ní, ìlú tí kò sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Òfin ni kò jẹ́ kí alágbára gba oko lọ́wọ́ aláìlágbára. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń ṣe òfin bá fẹ́ ṣe àṣejù, ta ni yóò dá a lẹ́kun? Ìwé òfin ìpìlẹ̀ ni. Òun ni ó de gómìnà, tí ó de ọlọ́pàá, tí ó sì de aṣòfin fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ìbàdàn, níbi tí a ti ń ṣe àkóso Ìrèé kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọdún 1991. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2006, àwọn aṣòfin kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kéde pé àwọn ti yọ Gómìnà Rashidi Ládọjà. Aṣòfin 32 ni ó wà ní ilé ìgbìmọ̀ náà. Àwọn 18 ni ó ṣe é, òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ bá mi ṣe ìṣirò kan. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ ti ọdún 1999 sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo wọn ni ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ sí i. Ẹ pín 32 sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹ mú méjì. Ẹ ó rí i pé kò lè dín sí 22.

Igbákejì gómìnà gorí àga. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà lọ títí ó fi dé Ilé Ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún náà, àwọn adájọ́ ní ìyọnípò yẹn kò bá òfin mu, Ládọjà sì padà sí ipò rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n wádìí bóyá ó ṣe ìjọba dáradára. Ohun tí wọ́n bèèrè ni pé, ṣé ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ ni ẹ gbà?

Ẹnì kan lè wí pé, “Kí ni ó kàn mí níbẹ̀? Èmi kì í ṣe gómìnà.” Ó kàn yín, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìwé kan náà ni ó sọ pé bí ọlọ́pàá bá mú ènìyàn lórí ẹ̀sùn, tí ilé ẹjọ́ kò sì jìnnà ju kìlómítà 40 lọ, láàrin ọjọ́ kan ni kí wọ́n gbé e dé iwájú adájọ́, àfi bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ ti ikú. Bí a bá gbà kí 18 dúró níbi tí òfin ti ní 22, kí ni kò ní jẹ́ kí ọjọ́ kan di oṣù kan fún ọmọ àgbẹ̀?

Òfin kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn wá bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ ka ìwé náà, kí ẹ sì kà á sí etí ìgbọ́ bàbá àti ìyá tí kò mọ̀wé.