Ọpọ́n Tí Ń Bá Ènìyàn Ta

Gbogbo yín ni ẹ mọ ìdí ayò. Ọ̀ta jókòó síhìn-ín, òpè jókòó sọ́hùn-ún, ọpọ́n wà láàrin, àwọn òǹwòran sì ń pariwo. Ǹjẹ́ bí ẹnìkan bá gbé ọpọ́n kan kalẹ̀ níwájú yín, tí ó ní ọpọ́n náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa bá yín ta, kí ni ẹ ó fẹ́ kí ó lè ṣe?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àlá. Nínú eré ṣẹ́ẹ̀sì, èyí tí ó ti Íńdíà wá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Òyìnbó, irú ọpọ́n bẹ́ẹ̀ ti wà láti ọjọ́ pípẹ́. Mo mọ bàbá kan, olùkọ́ ni bíi tèmi. Ogún ọdún ni òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan fi ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí akẹgbẹ́ rẹ̀ kó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, eruku bẹ̀rẹ̀ sí bo ọpọ́n. Ọmọ bàbá náà wá ra ọpọ́n oníná fún un.

Báwo ni irú ọpọ́n bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́? Ojú 64 ni ó wà lórí ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì. Nínú oríṣi kan, òòfà kékeré wà ní ìdí ọmọ kọ̀ọ̀kan, irin tín-ín-rín méjì sì wà lábẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan. Bí òòfà bá dé orí wọn, wọn a fẹnu kan ara wọn, iná a sì gba ibẹ̀ kọjá. Báyìí ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ pé ẹṣin ti kúrò níhìn-ín, ó ti bọ́ sọ́hùn-ún. Bí ó bá kan ẹ̀rọ, gílóòbù wẹ́wẹ́ a tàn láti fi ọmọ tí ó fẹ́ gbé àti ibi tí ó ń lọ hàn ọ́.

Kí ni àwọn tí ń ta ṣẹ́ẹ̀sì wá ń fẹ́? Èkíní, wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ má dí wọn lọ́wọ́. Chess Challenger tí ilé-iṣẹ́ Fidelity gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1977 kò mọ ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe. Bọ́tìnnì ni o ní láti tẹ̀ kí ó tó gbọ́. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e tí ó jẹ́ pé ńṣe ni o máa tẹ ọmọ mọ́ ojú rẹ̀, bí ẹni ń lu òǹtẹ̀ ní pósófíìsì. Ẹni tí ó ń ronú kò fẹ́ ìyọlẹ́nu. Igi dídán ni ó fẹ́, ọmọ tí ó wúwo díẹ̀ lọ́wọ́, àti iná tí kì í gún ni lójú.

Èkejì, ẹgbẹ́ ẹyẹ ni ẹyẹ ń wọ́ tọ̀. Ní 1997, ní New York, ẹ̀rọ Deep Blue ti ilé-iṣẹ́ IBM borí Garry Kasparov, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá gbogbo ayé nígbà náà. Láti ọjọ́ náà, agbára ẹ̀rọ kì í ṣe ìròyìn mọ́. Odindi oṣù kan ni ọpọ́n fi ń borí bàbá yìí lálaalẹ́, títí ó fi da aṣọ bò ó. Nígbà tí ó dín agbára rẹ̀ kù, ìyọnu mìíràn dé. Ẹ̀rọ a ta bí ọ̀ta fún ìgbà díẹ̀, lójijì a ju olorì rẹ̀ nù lásán, bí àgbà tí ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú fún ọmọdé níbi ìjàkadì. Ayọ̀ wo ni ó wà nínú irú ìṣẹ́gun bẹ́ẹ̀? Àṣìṣe bí ti ènìyàn ni a fẹ́, èyí tí ojúkòkòrò tàbí ìkánjú fà, tí a ó fi làákàyè tiwa rí.

Ẹ̀kẹta, wọ́n fẹ́ kí ọpọ́n rántí. Ó lè kọ gbogbo ohun tí a ta sílẹ̀, kí a lè padà wá ibi tí a ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣọ́ra níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ọpọ́n lè sọ ohun tí ó yẹ kí o ta fún ọ kí o tó ronú rárá. Ẹni tí ó bá ń béèrè bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo dà bí ọmọ tí ń ṣí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò wo ìdáhùn. Máàkì rẹ̀ lè pọ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ yóò ṣófo.

Ẹ̀kẹrin ni ó ga jù. Lóde òní, ọpọ́n oníná lè gba orí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì bá ọpọ́n mìíràn ní ìlú òkèèrè sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì fi ẹnu kò, wọ́n ra irú kan náà fún bàbá tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Sátidé àkọ́kọ́, bàbá tiwa níhìn-ín ti ọmọ-ogun kan síwájú, ó sì dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, iná tàn. Ó fò dìde, ó ní, "Òun ni! Bí ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn!" Láti ọjọ́ náà, kò da aṣọ bo ọpọ́n mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìdáhùn ìbéèrè mi nìyẹn. Ọpọ́n tí ó dára jù ni èyí tí a ń gbàgbé pé ẹ̀rọ ni, nítorí ènìyàn tí ó wà ní ìdí kejì. Bí ẹnìkan bá sì wà nítòsí tí ẹ lè jọ jókòó ti ọpọ́n lálẹ́ òní, ẹ ránṣẹ́ pè é kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó dàárọ̀ o.