Ohùn Àdímínì: Bí Ojú Ò Bá Ríran Mọ́, Ẹ Jẹ́ Kí Ọkọ̀ Dúró

 

Ẹ rántí ikú Herbert Wigwe, ọ̀gá àgbà Access, lóṣù kejì ọdún 2024. Hẹlikọ́pítà ló gbé òun, ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀, Abímbọ́lá Ògúnbánjọ àti awakọ̀ òfúrufú méjì. Inú aginjù ní California ló já sí lóru, nínú òjò tó pọ̀ mọ́ yìnyín. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló lọ.

Ẹ mọ ohun táwọn èèyàn ń fọ́wọ́dù kiri: ọ̀tá ni, ayé ni. Àwọn NTSB tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ò bá ariwo lọ. Wọ́n yẹ àfọ́kù wò, wọ́n tọ ipa tó fò, wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn tó ń wakọ̀ kọjá lójú títì. Ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó parí. Kí ni wọ́n rí? Ojú ọjọ́ ti bàjẹ́, awakọ̀ ò padà. Nínú òkùnkùn, kò mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ mọ́, apá rẹ̀ ò sì ká a mọ́.

Bọ́ọ̀sì tiwa náà ń rin òru. Bí òjò bá le, tí dẹ́rẹ́bà fẹ́ páàkì, ẹ má pariwo lé e lórí pé ọjà ń dúró dè yín. Bó bá sì ń sáré, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ní kó dúró. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe bàbá.