Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Sí I

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá, ó sì jẹ mọ́ àwọn tó fẹ́ di alábòójútó iṣẹ́ ní ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní low voltage: kámẹ́rà, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn oníkáàdì, aago iná. Ìfọwọ́sí yín ni ọjà tí ẹ ń tà. Ẹ má fi sí abẹ́ ohun tí ojú yín kò rí kí wọ́n dán wò.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún ẹ̀yin ju àwọn tó ń ṣe iná ńlá lọ ni pé àbùkù iná ńlá kì í pẹ́ sọ ara rẹ̀. Bí ẹlẹ́kítíríṣàn bá so iná 230 fólítì lódì, gílóòbù kò ní tàn, bírékà yóò já, tàbí kí iná gbá ẹni tó fọwọ́ kàn án. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé ti gbọ́. Tiyín kì í pariwo. Ẹ wo ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín lókè síìlìn: èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí wáyà rẹ̀ ti já, bákan náà ni wọ́n rí. Ọgbọ́n àrékérekè kan sì wà tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ dáadáa. Nínú irú aago iná tí kò gbówó lórí, rẹ̀sísítọ̀ kékeré kan ló yẹ kó wà ní ìparí wáyà, lẹ́yìn ẹ̀rọ tó kẹ́yìn pátápátá, kí pánẹ́ẹ̀lì lè máa mọ̀ pé wáyà náà kò já níbì kankan. Bó bá já, àmì àbùkù yóò tàn. Ẹni tó ń kánjú, tí kò fẹ́ máa wá ibi tó já kiri, á yọ rẹ̀sísítọ̀ yẹn, á wá dè é mọ́ ẹnu pánẹ́ẹ̀lì. Àmì àbùkù kú, iná aláwọ̀ ewé tàn, onílé rí i, inú rẹ̀ dùn. Láti ọjọ́ yẹn, bí eku bá jẹ wáyà náà tán láti àjà kìíní dé ìkarùn-ún, pánẹ́ẹ̀lì yóò ṣì máa sọ pé àlàáfíà ni. Ilẹ̀kùn oníkáàdì náà ní tirẹ̀. Mágnẹ́ẹ̀tì tó dì í mú gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ ní kété tí aago iná bá dún, ṣùgbọ́n agbaṣẹ́ṣe kan ló ṣe aago, òmíràn ló ṣe ilẹ̀kùn, wáyà tó yẹ kó so méjèèjì pọ̀ kò sì sí nínú ìwé iye owó ẹnì kankan nínú wọn. Ojoojúmọ́ ni ilẹ̀kùn yẹn ń ṣí fún káàdì. Ọjọ́ tí èéfín bá bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ni wọ́n máa mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò parí rẹ̀.

Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kò yàtọ̀. Ìlànà TIA-568 fẹ́ kí ó jẹ́ bàbà, kí gígùn rẹ̀ má sì ju 100 mítà lọ: 90 nínú ògiri àti síìlìn, 10 tó kù fún àwọn okùn tí a ń fi so ẹ̀rọ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò kún ọjà, wọ́n tẹ Cat6 sí i lára, ẹni tí kò bá fi ọ̀bẹ ha á kò lè mọ̀. Alumíníọ́mù kì í gbé iná tó bàbà. Bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni. Inú wáyà yìí kan náà ni iná tí kámẹ́rà ń lò sì ń gbà. Ní 2003, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ìlànà iná inú wáyà yìí lélẹ̀, 15.4 wáàtì ni ẹ̀rọ lè fi ránṣẹ́. Ní 2018 ó ti di 90. Wáyà àyédèrú tó gbé kámẹ́rà kékeré lọ́jọ́ tí ẹ fa iṣẹ́ lé onílé lọ́wọ́, òun náà ni wọn yóò so kámẹ́rà ńlá tó ń yí orí mọ́ lọ́jọ́ iwájú, tí yóò máa kú, tí yóò máa jí. Ẹni tó ta kámẹ́rà ni wọn yóò máa bú, nítorí wáyà ti wà lẹ́yìn síìlìn POP, àwọn oní-POP kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ kékeré oníná mẹ́jọ tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ ń gbé sápò kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí. Ohun tó ń sọ kò ju pé wáyà kò já, kò sì ṣì so. Kò mọ bàbà yàtọ̀ sí alumíníọ́mù. Ẹ̀rọ tó ń wọn bí okùn kọ̀ọ̀kan ṣe ń dènà iná, tó sì ń tẹ èsì jáde ní oókan-oókan, ni ẹ gbọ́dọ̀ rí kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ẹnì kan ti ń sọ lọ́kàn pé àlá ni mò ń lá, pé ta ló máa sanwó rẹ̀? Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ní oṣù karùn-ún 2023, nǹkan bí 460 náírà ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní iye ìjọba. Nígbà tó máa fi di oṣù kejì 2024, ó ti kọjá 1,500. Òkè òkun ni ẹrù yín ti ń wá. Agbaṣẹ́ṣe tó ti bá onílé fẹnu kò kí èyí tó ṣẹlẹ̀, kí ló fẹ́ fi ra bàbà? N kò ní bú u. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀nà wà kí a tó dé ìdí àyédèrú. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé iye owó pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni iye yìí máa fi dúró. Bí ọjà bá wọ́n lẹ́yìn àdéhùn, ẹ padà tọ onílé lọ, ẹ sọ fún un pé owó kámẹ́rà 40 ti di owó 25, kí òun fúnra rẹ̀ yan ibi tí 25 yẹn máa wà. Ó lè bínú. Ó ṣì máa mọ ohun tó rà. Èyí tó bá sì ní kí kámẹ́rà ibi ìgbọ́kọ̀sí ríran kedere, ṣùgbọ́n kí ẹ yọ owó àyẹ̀wò aago iná kúrò, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ sórí ìwé.

Àwọn kan á ní ìwé kì í gba ẹ̀mí là, wọ́n sì ní ẹ̀rí. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 2021, ilé alájà 21 wó ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí. Èèyàn tó kú lé ní 40, ẹni tó ń kọ́ ilé náà wà lára wọn. Kò pẹ́ tí lẹ́tà kan fi jáde sí gbangba: ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà kan ti kọ ọ́ láti oṣù kejì 2020 láti fi jáwọ́ nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n sọ ibi tí ẹ̀rí wọn dé nínú rẹ̀: àwọn lè dúró fún ilé méjì àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́ náà, àti ilé kẹta títí dé àjà kẹrin, bí kọnkéré bá ti le tó bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀. Lẹ́tà náà kò dá iṣẹ́ dúró. Mo gbà. Síbẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́: wọ́n fa ìlà sí ibi tí wọ́n mọ̀ dé, wọ́n kọ̀ láti sọdá rẹ̀. Báyìí ni ó yẹ kí ìwé àyẹ̀wò tiyín rí. Ẹ kọ iye ẹ̀rọ tí ẹ fín èéfín sí, iye tó dún, àti nọ́ńbà àwọn tí kò dún, pẹ̀lú yàrá tí wọ́n wà. Kí ẹ má sì jẹ́ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sùn sọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ayàwòrán ilé, sí ẹni tí yóò máa tọ́jú ilé náà, kí ẹ sì fi ọ̀kan pamọ́ síta ọ́fíìsì ọ̀gá yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ ebi. Ìwọ tí o ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Ọ̀gá rẹ máa pè ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, á ní onílé kò ní sanwó tó kù àfi tí ìwé ìparí iṣẹ́ bá délẹ̀ lónìí, á ní kí o ṣáà fọwọ́ sí i, kí ẹ padà wá ṣe ìyókù lọ́jọ́ Ajé. Owó oṣù tìrẹ náà wà nínú owó yẹn, mo mọ̀. O ń rò pé bí o bá kọ̀, ẹlòmíràn á fọwọ́ sí i. Kí ó fi orúkọ tirẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n fi èyí sọ́kàn: lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, ọ̀gá tó ní kí o fọwọ́ sí i ni yóò kọ́kọ́ mú ìwé náà lọ bá ọlọ́pàá, orúkọ rẹ ni wọn yóò sì kà jáde níbẹ̀, nítorí òun kò kọ ohunkóhun. Kọ "ó ku àjà kẹta àti ìkẹrin" sórí ìwé náà, kí o tó fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ onílé máa gbà á, wọ́n á yọ ìdá díẹ̀ nínú owó, iṣẹ́ á sì tẹ̀ síwájú.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yín lẹ́nu iṣẹ́, ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ń kó ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ ọdún tó kọjá sí. Bí wọn kò bá rí ẹyọ kan fi hàn yín, ẹ máa wá iṣẹ́ míràn láti ọjọ́ náà lọ.