Ẹ̀yìn Tó Ń Dun Àgbẹ̀



Ta ni ẹ̀yìn kì í dùn tó bá ń kọ ebè? Ní 2020, àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn ní gbogbo ayé ju mílíọ̀nù 600 lọ. Gbogbo wọn kọ́ ni ọ̀lẹ.

Púpọ̀ nínú wa á dùbúlẹ̀, á ní kí wọ́n gún òun lábẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ lè mú ìrora rọlẹ̀, kò lè fún iṣan lágbára. Ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ sì ń sọ iṣan di aláìlera. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣan àti oríkèé ara ni iṣẹ́ wọn. Kiné ni à ń pè wọ́n. Wọ́n á wo bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ àti bí a ti ń dìde, wọ́n á kọ́ wa ní eré ara tí a lè ṣe nílé. ENAM ní Lomé ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìlú ńlá ni wọ́n pọ̀ sí. Ṣé ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ni yóò jókòó sínú ọkọ̀ títí dé Sokodé?

Ní 2023, àwọn ìjọba fẹnu kò ní Genève pé kí irú ìtọ́jú yìí dé ilé ìwòsàn tó súnmọ́ ará ìlú. Ẹ bi ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn yín: ìgbà wo ni kiné yóò máa wá?

Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá kú, tàbí tí ìtọ̀ bá ń dà fúnra rẹ̀, ẹ má dúró de kiné. Ẹ gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an.