Ẹ Wọn Ilé Kí Ẹ Tó Ra Kẹ̀kẹ́: Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Sọ Níbi Àjọ̀dún Wa

   

Lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ owó ni Akọ̀wé máa ń sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹsẹ̀. Àwa tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yìí ti ń dàgbà. Orúnkún ń dun ẹlòmíràn, rọpárọsẹ̀ ti mú ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun sì ń fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ránṣẹ́ sí wa. Ó dára, Ọlọ́run yóò bù kún wọn. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ra sìkútà oníbátìrì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó fi ránṣẹ́. Èmi náà yá owó nínú ẹgbẹ́ yìí láti fi gbà á jáde ní wáàfù. Ọjọ́ tó dé, a jó, a yọ̀. Àṣé ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń wa nǹkan ọ̀hún! Kò sì gba ẹnu ọ̀nà pálọ̀ wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà títí bátìrì fi kú. Mo san ẹ̀yáwó yẹn tán, ẹ̀gbọ́n mi kò fi sìkútà náà dé ẹnu géètì rí.

Kí irú rẹ̀ má baà ṣe yín, ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ́.

Èkíní, ta ló fẹ́ lò ó? Ẹni tó ṣì lè rìn díẹ̀, tó lè dá jókòó gbọin, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì lágbára, ni sìkútà wà fún. Ẹni tí kò bá lè rìn, tàbí tó jẹ́ ọwọ́ kan ló ń lò, àga oníbátìrì ló yẹ ẹ́. Ọ̀pá kékeré kan ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, a sì lè ní kí wọ́n gbé e sí ọ̀tún tàbí òsì. Ó máa ń yí nínú yàrá tóóró. Ẹ bi àwọn physio ní ọsibítù kí ẹ tó náwó.

Ìkejì, ẹ mú téèpù. Ẹnu ọ̀nà tó há jù nínú ilé ni kí ẹ wọ̀n, pàápàá ti balùwẹ̀. Ẹ wọn ìdí ẹni tó fẹ́ jókòó, kí ẹ fi bí ìǹṣì kan kún un lọ́tùn-ún àti lósì. Bí àtẹ̀gùn bá wà, gbogbo ìǹṣì kan tó bá ga, ìǹṣì 12 ni kí ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gùn. Àtẹ̀gùn ìǹṣì 6 yóò gba ẹsẹ̀ bàtà 6. Èyí tó bá dúró ṣánṣán lè gbé èèyàn ṣubú sẹ́yìn.

Ìkẹta, iná. Ẹ máa gba iná sí bátìrì rẹ̀ déédéé, bí ẹ ò tilẹ̀ lò ó, nítorí bí ó bá wà lófo fún oṣù bíi mélòó kan, ó bàjẹ́ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ láti Amẹ́ríkà ló ti wá, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà. Bí ó bá jẹ́ 110 tàbí 120 volt nìkan ni wọ́n kọ, iná tiwa yóò jó o. Ẹ tún ní kí wọ́n fi irin tí wọ́n fi ń tú táyà sílẹ̀ hàn yín, kí ọmọ lè tì í bí iná bá tán lójú títì.

Ìkẹrin, ìwúwo. Òmíràn wúwo ju àpò ìrẹsì 50 kílò lọ. Ta ni yóò gbé e sínú ọkọ̀? Táyà kékeré a sì máa rì sínú yanrìn. Ẹ wádìí ẹni tó lè tún un ṣe níbí kí ẹ tó rà á.

Ìkarùn-ún, tìmùtìmù tó dára ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá jókòó sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́, egbò lè yọ ọ́ lẹ́nu. Kí ó máa yí ìdí padà. Kí ó sì pa iná rẹ̀ kí ó tó dìde.

Nígbẹ̀yìn, a rí àga tòkunbọ̀ kan tí a wọ̀n, tí ẹ̀gbọ́n mi sì fi ọwọ́ ọ̀tún dán wò kí a tó sanwó. Ibi àkọ́kọ́ tó wa ara rẹ̀ lọ ni iwájú ilé. Ó ní kí wọ́n gbé igbá ata òun wá.

Ẹ̀bẹ̀ méjì ni mo fi parí ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó fún irú kẹ̀kẹ́ yìí, kí ó mú ìwọ̀n ilé rẹ̀ dání wá sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀. Èkejì, òfin àwọn akanda ẹ̀dá tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọdún 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà fún wọn. Ọdún 5 náà ti kọjá. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ́fíìsì wa, ìǹṣì 6 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ bàtà 18 ni ìdàgẹ̀rẹ̀ yóò gbà, ilẹ̀ sì wà. Ẹ̀yin náà mọ ìyá wa tí kò wá sí ìpàdé mọ́ nítorí àtẹ̀gùn yẹn, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ kò yé wọlé lóṣooṣù. Ẹ jẹ́ kí òun náà lè wọlé kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa yẹ̀.