BÍ ÀNÁBÌ ÌSÁ (A.S.) ṢE BẸ̀RẸ̀ IṢẸ́ WÀÁSÙ RẸ̀

   

Ẹnìkan lè sọ pé: kí ló kan Ànábì Ìsá nínú wàásù ààwẹ̀? Ó kàn án púpọ̀. Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé dárúkọ Ìsá ní ìgbà 25. Mùsùlùmí tó bá sọ pé òun kò gba Ìsá gbọ́ ní ìránṣẹ́ Ọlọ́hun, ìgbàgbọ́ onítọ̀hún kò pé. Ìdí kejì wà nínú ilé wa. Nínú agboolé kan náà, bàbá ń kírun, àbúrò bàbá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọdún 2025, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ni a bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Rámàdáánì; ní ọjọ́ karùn-ún oṣù náà ni Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀. A jọ ń gbààwẹ̀ ni. Ó yẹ ká mọ ohun tí ó pa wá pọ̀, ká tó máa ka ohun tí ó yà wá.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Nínú Súúrà Màríámọ̀, Ọlọ́hun sọ fún wa pé orí ìtẹ́ ọmọ jòjòló ni Ìsá ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó pe ara rẹ̀ ní ẹrú Ọlọ́hun, ó ní a pa òun láṣẹ ìrun kíkí àti sàká yíyọ, àti kí òun máa ṣe dáadáa sí ìyá òun. Ní ti ìgbà tó dàgbà, ìwé Lúùkù tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ará wa sọ pé ó tó bí ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà tó jáde sí gbangba. Ìwé náà fi iṣẹ́ Yahya, tí wọ́n ń pè ní Jòhánù, sí ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ìjọba Tìbéríù ní Róòmù. Ọ̀dọ̀ Yahya, létí odò Jọ́dánì, ni Ìsá kọ́kọ́ lọ. Ànábì Ọlọ́hun ni Yahya pẹ̀lú lọ́dọ̀ tiwa.

Kí ló wá ṣe lẹ́yìn náà? Ṣé ó pe èrò jọ ni? Rárá o. Aginjù ló lọ. Ìwé wọn sọ pé ogójì ọjọ́ ló fi gbààwẹ̀ níbẹ̀. Ebi ń pa á, Èṣù sì sọ fún un pé kó sọ òkúta di àkàrà. Ó kọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbààwẹ̀, ẹ mọ bí ọ̀sán ṣe máa ń rí ní aago mẹ́rin, tí ọ̀fun ti gbẹ, tí omi tútù wà nítòsí, tí kò sì sí ẹni tó ń wò yín. Ibẹ̀ ni ààwẹ̀ wà.

Kì í sì í ṣe Ìsá nìkan. Al-Kùránì sọ pé ogójì òru ni Ànábì Mọ́sà fi wà lọ́dọ̀ Olúwa rẹ̀ kó tó gba àwọn wàláà. Inú ihò àpáta Hírà ni Ànábì Muhammad (SAW) dá wà sí, nínú oṣù Rámàdáánì ọdún 610, tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun fi dé bá a. Ẹ ò rí i? Ìdákẹ́jẹ́ ló máa ń ṣáájú wàásù. Ẹni tí kò tíì bá ẹ̀mí ara rẹ̀ jà, kí ló fẹ́ bá ará ìlú sọ?

Nígbà tí ọba Hẹ́rọ́dù ti Yahya mọ́lé, Ìsá bẹ̀rẹ̀ sí wàásù ní ilẹ̀ Gálílì. Àwọn wo ló kọ́kọ́ pè? Ìwé wọn dárúkọ apẹja mẹ́rin: Símónì Pétérù, Áńdérù, Jákọ́bù àti Jòhánù. Al-Kùránì kò sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ó sọ fún wa, nínú Súúrà kẹta àti Súúrà kọkànlélọ́gọ́ta, pé Ìsá bèèrè àwọn tí yóò ran òun lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Ọlọ́hun, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sì dáhùn pé àwọn ni. Kò dúró de olówó kó tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ ìyanu. Súúrà kẹta sọ pé ó wo ẹni tí a bí ní afọ́jú sàn, ó wo adẹ́tẹ̀ sàn, ó jí òkú, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun. Ẹ gbọ́ èyí tó wà nínú ìwé Máàkù: adẹ́tẹ̀ kan wá bá a, ó wò ó sàn, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Lóde òní ńkọ́? Ẹni tí orí fífọ́ rẹ̀ lọ tán, wọ́n á ti lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ògiri. Àwa aáfà náà kò gbọdọ̀ yọ ara wa sílẹ̀ níbẹ̀.

Ó padà sí ìlú tó ti dàgbà, Násárẹ́tì. Wọ́n ní ṣebí ọmọ Jósẹ́fù tí a mọ̀ nìyí? Wọ́n bínú, wọ́n fẹ́ taari rẹ̀ láti orí òkè. Kò bá wọn jà, ó gba àárín wọn kọjá, ó lọ sí Kapánáúmù. Àwa ará Èjìgbò mọ èyí dáadáa. Ọmọ wa á ṣòwò ní Àbíjàn, wọ́n á máa pè é ní ọ̀gá níbẹ̀; tó bá délé tó bá wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, a ó ní, "Ta ni bàbá rẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Ohun kan ṣẹ́kù tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Ọ̀rọ̀ yìí, "wàásù", láti inú èdè Lárúbáwá ló ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni "àdúrà". Mùsùlùmí ti ń wàásù nílẹ̀ Yorùbá kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé Àgbádárìgì ní 1842. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, èyí tó parí ní 1884, "wàásù" yìí náà ni wọ́n lò fún iṣẹ́ tí Ìsá ṣe ní Gálílì. Ọ̀rọ̀ tí Ìsìláàmù mú wá ni àwọn ará wa fi ń ròyìn rẹ̀ títí dòní. Tí aáfà kan bá wá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tó ń fi wàásù bú ẹlẹ́sìn kejì, dúkìá àwọn bàbá wa ló ń bà jẹ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

A kò ní ká bo ìyàtọ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ará wa gbà pé ọmọ Ọlọ́hun ni. Àwa gbà pé ẹrú Ọlọ́hun àti ìránṣẹ́ Rẹ̀ ni, Ọlọ́hun kò bímọ. A ó sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ ṣẹ́po. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn sàhábà tó sá lọ sí Hábáṣà ní nǹkan bí ọdún 615. Ìtàn sọ pé Jáfárì ọmọ Abu Talib ka Súúrà Màríámọ̀ fún Nàjáṣì, ọba Kìrìsìtẹ́nì ibẹ̀. Ó sọ ohun tí a gbà nípa Ìsá, kò fi bò, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ọba sunkún, ó dáàbò bò wọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ gbé nínú oúnjẹ ìṣínu lọ fún àbúrò bàbá yín tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bi í pé, "Ààwẹ̀ tiyín ńkọ́?" Wàásù nìyẹn náà.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa, kí Ó fi àlàáfíà sí Masifa, sí Èjìgbò àti sí gbogbo ilé wa. Àmín.